Ohun Tí Ó Wà Nínú Ihò Síkúrù

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Ọ̀rọ̀ àwọn irin kéékèèké tí ó wà lára ọkọ̀ ìgbòkun ni, bí a ṣe ń tọ́jú wọn àti bí a ṣe ń tún wọn ṣe. Ẹlòmíràn lè wí pé, "Èwo ni tèmi nínú èyí? N kò ní ọkọ̀." Ẹ fara balẹ̀ ná. Ẹni tí ó ní ìlẹ̀kùn, tí ó ní kẹ̀kẹ́, tí ó sì ní páànù lórí ilé, ó ní irin tí omi ń bá jà.

Mo ní ọkọ̀ ìgbòkun kékeré kan. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14, igi ni wọ́n fi ṣe é, ó ní òpó kan, ìgbòkun méjì, àti ìtọ́kọ̀ ní ìdí. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé ẹ̀bá omi lè máa rò pé ayé àwọn baba wa ni ènìyàn ń ta ìgbòkun. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá. Bí ẹ bá gba orí afárá gígùn tí wọ́n ń pè ní Third Mainland kọjá ní Èkó, tí ẹ sì wo ojú ọ̀sà, ẹ ó rí ọkọ̀ àwọn tí ń wa yanrìn lábẹ́ omi, tí wọ́n fi ìgbòkun alábùlẹ̀ mú afẹ́fẹ́ bọ̀ wá sí èbúté. Àwọn apẹja Mákòókó pẹ̀lú a máa fi àpò ìrẹsì rán ìgbòkun. Owó epo ni wọ́n ń ṣọ́. Afẹ́fẹ́ kì í béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kejì ọdún, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 12, wà lórí ọ̀sà. Oòrùn ti rọ̀ díẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun ti dé, ọkọ̀ sì ń sáré débi pé ọmọ náà ń kọrin. Lójijì ni ọwọ́ ìtọ́kọ̀ fúyẹ́ ní ọwọ́ mi. Mo tì í sí ọ̀tún, ọkọ̀ kò dáhùn. Mo tì í sí òsì, kò sí ìyàtọ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé ìtọ́kọ̀ ti ya kúrò lára ọkọ̀ pátápátá. Okùn kan ṣoṣo ni ó so ó mọ́ wa, ó sì ń fò tẹ̀lé wa lórí omi bí ọmọ ajá. Ọkọ̀ yíjú sí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, igi ìsàlẹ̀ ìgbòkun gbá kọjá lókè orí wa, ọkọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi sì ya wọ inú rẹ̀. Ọmọ náà kò kọrin mọ́. Mo tú okùn ìgbòkun sílẹ̀, mo mú àjẹ̀, mo sì ń wà á, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gbé wa lọ tààrà sí ìhà àwọn òpó afárá, níbi tí omi ti ń ru.

Ọkọ̀ yanrìn kan ni ó gbà wá. Bàbá àgbàlagbà kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Bàbá náà kò bi mí ní ìbéèrè kan lórí omi, ó ju okùn sí wa, ó ní, "Gbá a mú, kí o sì sọ fún ọmọ yẹn kí ó jókòó!" Nígbà tí a dé èbúté ni ó tó fa ìtọ́kọ̀ mi sókè. Irin tí ó yẹ kí ó so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ ṣì wà lára rẹ̀, àwọn síkúrù rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé sí ipò wọn. Ìdí ọkọ̀ gan-an ni ó já wọn sílẹ̀. Láàárín eyín àwọn síkúrù náà, igi dúdú tí ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ ni ó wà níbẹ̀.

Bàbá ní, "Ìgbà wo ni o yọ nǹkan yìí wò gbẹ̀yìn?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, n kò yọ ọ́ wò rí. Dídán ni mo ń rí i tí ó ń dán."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ni ó sọ fún ọ pé ibi tí ó ń dán ni ó di ọkọ̀ mú?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wá fún yín. Orí síkúrù tí ojú ń rí kò ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Eyín rẹ̀ tí ó wọ inú igi ni ó ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ kan náà sì ni omi ń ba jẹ́. Igi a máa wú nígbà tí ó bá tutù, a sì máa sún nígbà tí ó bá gbẹ. Ọ̀dà tàbí gọ́ọ̀mù tí a fi dí ìdí irin a máa gbó nínú oòrùn, a sì sán. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Lára ọkọ̀, omi ni alángbá. Bí ó bá ti wọlé tán, kò rí ọ̀nà jáde, oòrùn kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Igi yí síkúrù ká a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láti inú, kùn òde a sì máa dán bí ọjọ́ tí a kùn ún.

Àwọn àmì wà tí ẹni tí ó bá wo dáadáa yóò rí. Ìlà dúdú a jáde lára igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Kùn a wú bí awọ tí iná jó. Nígbà mìíràn omi pupa bí omi osùn a máa ṣàn wálẹ̀ láti ìdí irin. Bí ẹ kò bá rí ọ̀kankan nínú wọn, ẹ di irin náà mú, kí ẹ mì í bí ẹni tí ń mi eyín ọmọdé tí ó fẹ́ yọ. Bí ó bá yẹ̀, bí ó tilẹ̀ ṣe díẹ̀ tó bí ìwé pélébé, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò tí mo gbẹ́kẹ̀lé jùlọ nísinsìnyí ni pé kí a yọ síkúrù kan ṣoṣo nínú irin kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, kí a sì wo eyín rẹ̀. Ọ̀kan ti tó láti sọ ìròyìn àwọn yòókù.

Ohun kejì tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ihò náà ni ìjà irin pẹ̀lú irin, ó sì ti ya àwọn tí ó gbọ́n jù wá lọ lẹ́nu rí. Ní 1761, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi awẹ́ bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ bo gbogbo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ogun wọn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alarm. Wọ́n fẹ́ kí kòkòrò omi tí ń gbẹ́ igi má lè jẹ ẹ́ mọ́, kí ewé omi má sì hù sí i lára. Wọ́n rán ọkọ̀ náà lọ sí àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn Òkun Àtìláńtíìkì, lọ́nà Kàríbíánì. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní 1763, kòkòrò kò jẹ igi rẹ̀ lóòótọ́, bàbà náà sì dára. Àwọn ìṣó irin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbà ni ó ti jẹrà, tí púpọ̀ nínú wọn sì ti di ẹrẹ̀ pupa. Síbẹ̀, wọ́n rí àwọn ìṣó díẹ̀ tí ó ṣì le. Kí ni ó gba àwọn wọ̀nyí là? Ìwé! Ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi di awẹ́ bàbà nígbà tí wọ́n ń kó o bọ̀ ni ẹnì kan gbàgbé sí ibẹ̀, tí kò jẹ́ kí bàbà fara kan irin. Ìwà ìmẹ́lẹ́ òṣìṣẹ́ kan ni ó kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ tí àwọn ọ̀gá wọn kò mọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí, ẹ rántí bátìrì tọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú. Agolo síǹkì ni ìta rẹ̀, ó sì ní ọ̀pá èédú ní àárín, pẹ̀lú ohun tútù kan láàárín wọn. Bí iná ti ń jáde ni síǹkì náà ń jẹ ara rẹ̀ tán. Ìdí nìyẹn tí bátìrì tí ó ti kú fi máa ń da omi sínú tọ́ọ̀ṣì. Omi iyọ̀ pẹ̀lú oríṣi irin méjì tí ó fara kan ara wọn, bátìrì ni wọ́n, yálà a fẹ́ tàbí a kò fẹ́. Ọ̀kan nínú wọn yóò máa jẹ tán kí èkejì lè wà láàyè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ìṣó irin lásán kan idẹ mọ́ ìdí ọkọ̀, tàbí tí ó fi síkúrù idẹ de alumíníọ́ọ̀mù mọ́ òpó, ó ti ṣe bátìrì sínú omi. Irin tí ó dàbí ara wọn ni kí a lò pọ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí a fi rọ́bà tàbí gọ́ọ̀mù tí ó nípọn sáàárín wọn.

Ọ̀sà Èkó a máa tan ènìyàn jẹ nípa èyí. Ní ìgbà òjò, omi Odò Ògùn àti ti àwọn odò mìíràn a kún inú rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ a sì dínkù tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè rò pé omi odò lásán ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni omi òkun ń wọlé, tí iyọ̀ ń pọ̀, tí ìjà irin sì ń le. Oṣù kejì ni ìtọ́kọ̀ tèmi já.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa irin tí a ń rà lọ́jà, nítorí pé ẹnu àwọn tí ń tà á dùn. Síkúrù idẹ tí àwọn káfíńtà ń lò fún kọ́bọ́ọ̀dù, bàbà àti síǹkì ni wọ́n pò pọ̀. Bí ó bá pẹ́ nínú omi iyọ̀, síǹkì inú rẹ̀ a máa yọ kúrò díẹ̀díẹ̀, a sì ku bàbà tí ó ní ihò wẹ́wẹ́ bí kànìnkànìn. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: àwọ̀ rẹ̀ kì í pọ́n bí ti idẹ mọ́, ó ń pupa rẹ́súrẹ́sú, bí ẹ bá sì fi píláyà tẹ̀ ẹ́, ó ń ṣẹ́ bí ìpékeré. Irú mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní bronze, tí èyí tí ó dára nínú rẹ̀ kò ní síǹkì púpọ̀. Òun ni àwọn tí ń kan ọkọ̀ onígi fẹ́ràn láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì wọ́n. Irin funfun tí wọ́n ń pè ní stainless ni ó wọ́pọ̀ jù lónìí. Wọ́n á ní kì í dógùn-ún. Irọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú kò lè rí ni ó ń dáàbò bò ó, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń tún awọ náà ṣe nígbàkúùgbà tí ó bá ha. Bí a bá sin ín sínú igi tútù tí ó ní iyọ̀, tí afẹ́fẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, awọ náà a lanu, ihò kéékèèké a sì gbẹ́ wọ inú irin náà. Orí rẹ̀ a máa dán gbinrin, ọrùn rẹ̀ nínú igi a sì ti tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú síkúrù ìtọ́kọ̀ mi ṣẹ́ báyìí gan-an nígbà tí mo ń tú u.

Nísinsìnyí, bí mo ṣe tún un ṣe. Mo yọ irin náà kúrò pátápátá. Bí síkúrù bá kọ̀ láti tú, ẹ kọ́kọ́ fún un díẹ̀ sí i, kí ẹ tó yí i sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó máa ń gbọ́. Ẹni tí ó bá fi agbára tú u lẹ́ẹ̀kan náà yóò ba orí rẹ̀ jẹ́, wàhálà rẹ̀ á sì di méjì.

Lẹ́yìn èyí ni ènìyàn á wo ihò tí ó ti fẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ á sì sọ fún un pé kí ó fi igi ìṣáná dí i, tàbí kí ó ra síkúrù tí ó tóbi ju ti àkọ́kọ́. Mo ti ṣe méjèèjì rí, n kò purọ́. Fún ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ó tó. Fún ìtọ́kọ̀, ẹ̀tàn ni, nítorí pé igi jíjẹrà ni síkúrù ńlá náà yóò lọ bù jẹ, omi sì ti wà níbẹ̀ tí ó ń dúró dè é.

Mo fi ẹ̀rọ ìlugi gbẹ́ ihò náà fẹ̀ títí ẹ̀ẹ́rún tí ń jáde kò fi dúdú mọ́, tí ó ní àwọ̀ igi tòótọ́. Mo fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí pé iyọ̀ tí ó bá ṣẹ́kù nínú igi yóò máa fa omi mọ́ra. Mo wá fi ọkọ̀ sábẹ́ ibòji fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kí ó gbẹ. Ibí yìí ni sùúrù ti ń tán lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bi mí lójoojúmọ́ pé, "Bùrọ̀dá, ṣé kò tíì gbẹ?" Gọ́ọ̀mù kì í mú igi tútù, ọ̀rọ̀ pin.

Nígbà tí ó gbẹ, mo fi gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ méjì tí wọ́n ń pè ní epoxy kún ihò náà. Ìwọ̀n tí a kọ sára agolo rẹ̀ ni kí a tẹ̀lé. Bí ọ̀kan bá ju ìwọ̀n lọ, kò ní le láéláé. Mo po ẹ̀ẹ́rún igi mọ́ ọn kí ó lè ki, mo sì fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, torí pé a máa yún ara. Ní ọjọ́ kejì ó ti le bí òkúta. Mo wá lu ihò tuntun sí àárín rẹ̀. Báyìí, bí omi bá tilẹ̀ wọ inú ihò lọ́jọ́ iwájú, gọ́ọ̀mù líle ni yóò bá pàdé, kì í ṣe igi.

N kò dá síkúrù padà mọ́. Bóòtù tí ó la igi já ni mo fi rọ́pò rẹ̀, tí mo sì fi nọ́ọ̀tù dè é láti inú ọkọ̀, pẹ̀lú awẹ́ ọ̀gànwó pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn, kí ẹrù má bàa dá lé ojú kan. Síkúrù ń fi eyín rọ̀ mọ́ igi. Bóòtù ń gbá igi mọ́ra. Níbikíbi tí irin bá ń fa nǹkan tí ẹ̀mí ènìyàn wà lórí rẹ̀, bóòtù ni kí ó jẹ́.

Ọgbọ́n kan wà nínú dídí rẹ̀ tí wọn kì í sọ fún ènìyàn ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta gọ́ọ̀mù. Mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ etí ihò díẹ̀ bí ẹnu abọ́, kí gọ́ọ̀mù onírọ́bà lè rí ibi jókòó yí ọrùn bóòtù ká bí òrùka. Mo tẹ́ gọ́ọ̀mù náà sábẹ́ irin, mo sì fún nọ́ọ̀tù níwọ̀nba, títí gọ́ọ̀mù fi yọ ní gbogbo etí. Mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá fún un dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo gọ́ọ̀mù ni yóò ti jáde tán, irin a sì jókòó sórí igi ní gbígbẹ. Ní ọjọ́ kejì tí ó ti di rọ́bà ni mo fún un gírígírí, nọ́ọ̀tù ni mo sì yí; bóòtù kò mira.

Àwọn nǹkan yòókù kò le tó èyí. Kẹ̀kẹ́ kéékèèké tí okùn ń gbà kọjá, omi tí kò ní iyọ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ nígbàkúùgbà tí ẹ bá ti orí omi dé, kí ẹ má sì fi gíríìsì mọ́tò sí i, yanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì máa gé okùn. Pín-ìnnì tí ó so okùn irin òpó mọ́ ọkọ̀, ẹ fi òrùka wáyà dí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ tàbí téépù wé e kí ó má bàa ya ìgbòkun. Okùn ìgbòkun a máa gbó ní ojú kan náà, níbi tí ó ti ń há mọ́ kẹ̀kẹ́; bí ẹ bá yí i padà, kí orí di ìdí, ẹ ó rí i lò fún ọdún mìíràn.

Mo padà lọ kí bàbá tí ó gbà wá. Mo mú ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ẹja yíyan lọ́wọ́, ó sì fi ọkọ̀ rẹ̀ hàn mí. Irin ara rẹ̀ kò tó nǹkan. Òpó rẹ̀ gba inú ihò kan lórí ìjókòó kọjá, ó sì fìdí kalẹ̀ nínú igi tí wọ́n gbẹ́ ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Okùn ni ó fi so àjẹ̀ gígùn tí ó fi ń darí ọkọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi irin sí i. Ó ní, "Okùn kì í tan mí. Bí ó bá fẹ́ já, mo ń rí i tí ó ń já." N kò lè bá a jiyàn. Irin lágbára ju okùn lọ, ṣùgbọ́n okùn ń fi àìsàn rẹ̀ han ojú, irin ń fi tirẹ̀ pamọ́. Síbẹ̀, n kò padà sí okùn. Bóòtù ni mo ń lò, ìwé àkọsílẹ̀ sì wà tí a ń kọ ọjọ́ tí a yọ ọ́ wò sí. Ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ìwé náà wà, kì í sì í jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ bí ọjọ́ bá ti kọjá.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, iṣẹ́ yín nìyí. Ẹ wá ife gíláàsì mẹ́ta, kí ẹ bu omi sí wọn, kí ẹ sì po ṣíbí iyọ̀ kan mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ìṣó tuntun mẹ́ta, ìṣó irin lásán, kì í ṣe ti páànù. Ẹ ju èkínní sínú omi bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ àgbà kan kí ó fún yín ní wáyà bàbà tí a ti bó, kí ẹ wé e mọ́ ìkejì gírígírí, kí ẹ tó jù ú sínú omi. Ní ti ìkẹta, rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wé mọ́ ọn, kí ẹ tó wé wáyà bàbà lé rọ́bà náà lórí, kí wáyà má sì fara kan ìṣó níbì kankan. Ẹ máa wò wọ́n ní alaalẹ́ fún ọjọ́ méje, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ èyí tí omi rẹ̀ kọ́kọ́ pupa.

Ó dàbọ̀ o.